Orí Kẹrin: Ta Ló Gé Okùn Afárá?

Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú-àáyá ti wọnú ìwé mi kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan dáìsì rárá. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni bóyá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ máa ń jẹ èèpo iṣu.

"Ó ń jẹ ẹ́," Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ wí. "Ẹranko tó ń jẹ koríko gbígbẹ, kí ló dé tí kò ní jẹ èèpo iṣu?"

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí láyé yín?" Àǹtí Bọ́sẹ̀dé bi í.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò rí i rí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi parọ́ mọ́ ọn."

Kò sẹ́ni tó rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó yí tábìlì náà ká. Èmi náà ò rí i rí. Èyí tí wọ́n ń sọ yìí, inú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan ló ń gbé, ó sì ti ń ru ẹrù wọn láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Alága.

Mo wo ọwọ́ wọn. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí ìjọba fi ń mọ̀ bí eré bá ti sú èèyàn ti pọ́n rúsúrúsú lọ́wọ́ Tíṣà àti Ọ̀gbẹ́ni Ìlẹ̀sanmí. Àwọn méjì tó ń jiyàn nìkan ni tiwọn ṣì tutù bí ewé. Ẹ̀gbà méjì tó bá pọ́n pọ̀ ti tó fún òfin. Òǹkà mi ń sáré lọ.

"Ọmọ ìjọba," Tíṣà pè mí láìgbójú sókè. Òun ló jókòó sí ipò olórí nídìí tábìlì, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tó ti kọ́ ìdajì Òkè Ìdànrè ní ìṣirò kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ sí ipò rẹ̀. "Mélòó ló kù fún wa?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, mà."

"Tó bá tán ńkọ́?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, mà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yín."

"Mo mọ̀wé kà. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ."

"Eré tó bá sú àwọn tó ń ta á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìjókòó kan, wọ́n á tì í pa. Yàrá á di ti ẹlòmíràn."

"O ṣeun. Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Alága kì í jẹ èèpo iṣu. Mo ti dájọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ìrẹ́jẹ," Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ kùn.

"Tún un sọ, Jẹ́gẹ́dẹ́, kí Alága fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ọ."

Yàrá Kejìdínlógún ni a wà, ní ìpele kẹta òkè náà. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá lọ. Láti ìgbà tí òkun ti gba etíkun tí gbogbo ayé sì ti gun òkè wá, ibi tí èèyàn lè jókòó sí ti di ohun tí à ń forúkọ sílẹ̀ fún. Ìdílé mẹ́tàdínlógójì ló wà lórí ìwé tó ń dúró de yàrá yìí nìkan. Láti ojú fèrèsé rẹ̀, mo ń wo ọkọ̀ okùn tó ń gun àpáta bọ̀ pẹ̀lú èrò ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo wọn pẹ̀lú awò lójú, tí wọ́n ń ta eré òwúrọ̀ wọn.

Ẹ̀rọ ló ń ṣe eré òwúrọ̀. Kí o tó jí, tuntun ti wà nínú awò rẹ, wọ́n ti gé e sí ìwọ̀n rẹ bí aṣọ. Mo ti yẹ irinwó wò nínú wọn láàárín ọdún méjì tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀gbà ẹnikẹ́ni kì í pọ́n. Kò sí ìgbà tí wọ́n jẹ́ kó sú ọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ okùn pé eré wo ló ta lánàá. Ó ní ó dùn gan-an. Mo ní kí lorúkọ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí mo bi ní orúkọ omi tó mu.

Àwọn mẹ́rin yìí ńkọ́? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí wọ́n ti ń ta eré kan ṣoṣo, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta tí Ọlọ́run dá, ẹ̀gbà wọn sì ń pọ́n bí ìyeyè. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìṣirò tí kò bá ara mu sílẹ̀ kí wọ́n lọ sùn. Nígbà tí ìwé yàrá náà dé ọ́fíìsì, èmi ni mo na ọwọ́ pé kí wọ́n gbé e fún mi.

Ìlú Kejìlá ni wọ́n ń pe eré náà. Òfin rẹ̀ ò ju ewé ìwé mẹ́rin lọ. Arìnrìnàjò ni gbogbo wọn, àfi Tíṣà tó jẹ́ ayé: òun ni òjò, òun ni ọlọ́jà, òun ni ajá tó ń gbó lẹ́yìn ògiri. Ìlú méjìlá ló wà. Bí o bá fẹ́ wọ ìlú kan, o gbọ́dọ̀ ju dáìsì méjì kí àpapọ̀ wọn jẹ́ nọ́ńbà ìlú náà. Ìlú Kìíní ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ilé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i. Dáìsì méjì kò lè fún èèyàn ní oókan láéláé. Ẹni tó bá ti kúrò nílé kò lè wọ ilé mọ́. Wọn ò kọ ọ́ sínú òfin níbì kankan, inú dáìsì ni wọ́n fi í pa mọ́ sí. Nígbà tó yé mi, mo yára kọjú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi, nítorí olùyẹ̀wò kì í rẹ́rìn-ín.

Máàpù wọn tẹ́ tábìlì láti etí dé etí. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà mọ́kànlá ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, irú kàlẹ́ńdà bébà tí àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ máa ń tẹ̀ láyé àtijọ́. Bí o bá gbé etí rẹ̀ sókè, wàá rí àwọn olóyè ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dé fìlà, tí wọ́n dojú bolẹ̀ sórí tábìlì láti ọdún gbọọrọ. Lókè, odò àti igbó ni, àti ìlú méje tí wọ́n ti dé. Níbi tí wọn ò tíì dé, bébà funfun lásán ló wà níbẹ̀. Mo ti rí àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà, tí ewé orí igi ń mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó wù mí wò bí bébà funfun yẹn.

"Gbájúẹ̀ fẹ́ ra iyọ̀," Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ wí. Gbájúẹ̀ ni arìnrìnàjò tirẹ̀, òpùrọ́ pọ́ńbélé. Bàbá fúnra rẹ̀, iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ okùn ló ń ṣe, kò sì lè parọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti jẹun. "Mo sọ fún oníyọ̀ pé ọmọ ọba ni mí."

"Ọmọ ọba ìlú wo?" Tíṣà ti yí ohùn padà. Obìnrin oníyọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ báyìí, imú dí i díẹ̀.

"Ìlú kan... ó jìnnà."

"Mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ," Tíṣà wí.

Bàbá ju dáìsì. Mẹ́ta.

Mo rò pé Tíṣà ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Rárá o. Gbogbo ojú yí sí Àǹtí Bọ́sẹ̀dé, nọ́ọ̀sì tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún Bàbá. Ó ti ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

"Ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ ló ń sọ bí o ṣe ṣubú," Tíṣà là á yé mi. "Ó lè fi ọ́ ṣẹlẹ́yà bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún ọ."

"Ọmọ ọba tẹrí ba kí oníyọ̀ lè wo ibi tí adé máa ń jókòó sí," Bọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀. "Irùngbọ̀n ọmọ ọba há sínú òṣùwọ̀n. Oníyọ̀ ò mọ̀. Ó da iyọ̀ sí apá kejì. Ọmọ ọba bá gòkè."

"Bọ́sẹ̀dé!"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, Bàbá. Ó ń fì. Gbogbo ọjà dúró. Ọmọ kékeré kan bi ìyá rẹ̀ pé, 'Màámi, ṣé wọ́n ń ta èyí náà ni?'"

Ọ̀gbẹ́ni Ìlẹ̀sanmí, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá láti ìgbà tí mo ti wọlé, dojú bo tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ fọwọ́ bo irùngbọ̀n ara rẹ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ gan-an ló há, ó sì ń rẹ́rìn-ín ju ẹnikẹ́ni lọ.

"Ilẹ̀kùn," Tíṣà rán an létí.

"Oníyọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé afárá, òun ò tíì rẹ́rìn-ín báyìí. Ó ní kí wọ́n wá gba iyọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì tẹ̀ lé òun, òun máa mú wọn dé ọ̀nà odò."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: *ṣíṣubú jẹ́ ẹ̀bùn tí ẹnì kejì ń fún ọ.* Mo wò ó títí, mo sì fà á rẹ́. Ó tọ̀nà, kò sì tó. Ẹ̀fẹ̀ nìkan kò lè mú èèyàn wá síbì kan fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Afárá wo lo ní wọ́n gé?"

"Mi ò mọ̀ o, Tíṣà. Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Ohun tí ẹ bá ti sọ nídìí tábìlì yìí ti ṣẹlẹ̀." Ó fa àpótí kan jáde lábẹ́ àga rẹ̀. Ìwé kéékèèké ló kún inú rẹ̀, wọ́n á tó ọgbọ̀n, ẹ̀yìn wọn ti gbó. Ó ń wá ọ̀kan. Ó ń ṣí i, ó ń dá a padà, ó ń ṣí òmíràn. Àwọn yòókù jókòó, wọ́n ń wò ó. Ẹ̀gbà wọn pọ́n. Nígbà tó fi rí èyí tó ń wá, òǹkà mi ti di ìṣẹ́jú márùn-ún àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá.

Ó wọ awò ìkàwé rẹ̀. "'Ọdún kẹtàlá, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù Ògún. Ọmọ ogun ń lé wọn bọ̀. Wọ́n kọjá afárá olókùn. Bọ́sẹ̀dé ní kí wọ́n sá pamọ́ sínú igbó. Jẹ́gẹ́dẹ́ ní, Ẹ jẹ́ ká gé e jàre, ta ló ń lo afárá yìí tẹ́lẹ̀?'"

Ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn nìyẹn. Mo ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ tẹjú mọ́ odò orí máàpù.

"Èèyàn ń lò ó," Tíṣà wí. Ó pa ìwé náà dé, ó sì fi ìka rẹ̀ sáàárín. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Oníyọ̀ mú yín dé odò. Afárá tuntun ló wà níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, pákó rẹ̀ ò bára dọ́gba, ẹ rí i pé àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ ló so ó. Ní àárín rẹ̀, obìnrin kan jókòó, àdá wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni lọ́jọ́ tí okùn já. Ó wá bá wọn ta ẹja ní ìhín, ìyá rẹ̀ wà ní ọ̀hún. Ọdún mẹ́ta ni odò fi kún. Nígbà tí wọ́n fi rí okùn mìíràn ta, ìyá ti kú. Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó síbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ kọjá."

Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́, ó sì tẹjú mọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ìlẹ̀sanmí.

"Obìnrin náà wo Gbájúẹ̀ kọjá. Ìwọ Ọlọ́wọ́-Òsì ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, 'Wọ́n ní o kì í parọ́. Ta ló gé okùn?'"

Ọ̀gbẹ́ni Ìlẹ̀sanmí ló ni Ọlọ́wọ́-Òsì. Òun fúnra rẹ̀, káfíńtà ni, ará etíkun tí omi lé gòkè. Ní ìjókòó àkọ́kọ́ pàá, ó sọ pé arìnrìnàjò òun kò ní parọ́ láé, kò sì tíì parọ́, àní lọ́jọ́ tí òtítọ́ gbé e sẹ́wọ̀n ní Ìlú Kẹsàn-án fún odidi oṣù mẹ́fà. Bó bá sọ òótọ́ báyìí, àdá yẹn máa lọ sọ́rùn Gbájúẹ̀. Bó bá parọ́, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n bá omi lọ.

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Kò sọ nǹkan kan.

Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ẹ̀gbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pọ́n.

Ìṣẹ́jú méjì. Ọkọ̀ okùn kan kọjá lójú fèrèsé, òjìji rẹ̀ gba orí máàpù kọjá, kò sẹ́ni tó wò ó. Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka fa òwú etí bùbá rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́. Kò ní, "Ọ̀rẹ́, gbà mí." Ó lè sọ ọ́, òfin ò dí i lọ́wọ́. Ó kàn ń wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mẹ́rin. Òǹkà mi ń sún mọ́ mẹ́wàá. Òfin ní tó bá ti pé, kí n dá wọn dúró, kí n ní ó tó. Ó pé. Mi ò dá wọn dúró.

"Ọmọ ìjọba," Àǹtí Bọ́sẹ̀dé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wo ọwọ́ rẹ."

Mo wò ó. Ẹ̀gbà olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ funfun ni, nítorí eré kò gbọ́dọ̀ dùn mọ́ wa, kò sì gbọ́dọ̀ sú wa. Tèmi ti pọ́n rúsúrúsú, ó pọ́n ju tiwọn lọ.

Kò sì sú mi. Ọlọ́run gbọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ohunkóhun ò tíì jìnnà sí sísú mi tó bẹ́ẹ̀. Mi ò mí. Mo ti kúrò ní ìdí fèrèsé láìmọ̀, mo ti wá dúró sẹ́yìn àga Tíṣà, ọkàn mi sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ bíi ti ẹni tó ń fetí sí ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹ̀gbà máa ń wo àyà tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ojú tí kò ṣẹ́, ara tí kò mì, á sì ní ó ti sú onítọ̀hún. Ara eré òwúrọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀gbà, eré òwúrọ̀ kì í sì í jẹ́ kí ara èèyàn dúró. Kò tíì rí ẹni tó ń retí rí.

Ọ̀gbẹ́ni Ìlẹ̀sanmí la ẹnu.

"Èmi ni mo di okùn náà mú," ó wí, "nígbà tí wọ́n ń gé e. Bí mi ò bá dì í mú, kò ní í gé."

"Ìlẹ̀sanmí," Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ wí.

"Mo dì í mú. Ọwọ́ òsì."

Tíṣà ti ṣí ìwé rẹ̀ padà. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí ìlà, ó dúró, ó tún un kà, ó sì yọ awò ìkàwé. "Ó wà níbẹ̀," ó wí. "'Okùn náà ń yọ̀. Ìlẹ̀sanmí ní òun bá wọn dì í mú.' Gbólóhùn méjì péré. Èmi gan-an ti gbàgbé." Ó wo ọkùnrin náà fún ìgbà díẹ̀, bí mo ṣe rò pé ó máa ń wo ọmọ tó yanjú ìṣirò ní ọ̀nà tí òun kò kọ́ ọ. "Méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Ìlẹ̀sanmí ju dáìsì. Mẹ́rin.

Ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́.

Gbogbo wa ló rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó gé okùn ló máa sọ bí ẹni tó gba ẹ̀bi rẹ̀ ṣe ṣubú. Kò sẹ́ni tó ṣètò rẹ̀. Dáìsì àti àga ló ṣe é, àti ọ̀rọ̀ ẹnu ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn. Tí wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀rọ orí òkè yìí jọ sójú kan, wọn ò lè gé irú rẹ̀ sí ìwọ̀n ẹnikẹ́ni.

"Ó..." Bàbá bẹ̀rẹ̀. Gbájúẹ̀ tó ń parọ́ fún ọba méje ò rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Pákó já lábẹ́ rẹ̀. Ó já bọ́, ó sì fi ọwọ́ òsì di okùn mú. Ó ń rọ̀. Omi wà nísàlẹ̀. Obìnrin yẹn dìde. Ó wá dúró sórí rẹ̀, pẹ̀lú àdá. Ó wo ọwọ́ náà. Ó wo..."

Aago dún nínú ògiri. Aago mẹ́rin. Ìjókòó parí.

Tíṣà pa ìwé dé.

"Ẹ parí rẹ̀ ná, mà!" Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu gbogbo wọn. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta," Tíṣà wí. "Aago ti lù. A kì í fi ìṣẹ́jú kan lé e."

"Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ń rọ̀ lórí omi!"

"Ó ti lágbára lọ́wọ́ òsì," Àǹtí Bọ́sẹ̀dé wí. "Á dúró dè wá." Lẹ́yìn náà ló rántí, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. "Mélòó ni?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá."

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ìyẹn ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé rẹ̀ padà sínú àpótí ní ọdún tẹ̀ lé ọdún. Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ ju dáìsì méjèèjì sápò, ó tún yọ wọ́n, ó gbé wọn lé tábìlì bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni wọ́n mọ́.

"Máa kọ ohun tó yẹ kí o kọ," Bọ́sẹ̀dé wí. "Iṣẹ́ rẹ ni."

Ọ̀gbẹ́ni Ìlẹ̀sanmí ń ká máàpù. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ká a, kí lẹ́ẹ̀ rẹ̀ má baà já. "Nígbà tí omi ń bọ̀ nílé wa," ó sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́, "wọ́n fún wa ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú mélòó lo fún wa?"

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ọ́fíìsì.

Ọ̀gá mi ni Ìyáàfin Adéjùmọ̀bí. Ó gbé fóònù pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti ń wọ bàtà láti lọ sílé.

"Yàrá Kejìdínlógún, mà. Mẹ́wàá àti ọgbọ̀n."

"Tì í pa nígbà náà. Kí lo tún ń pè mí fún?"

"Ẹ̀gbà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí nǹkan sú àti ẹni tó ń retí, mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Akínfẹnwá, gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti yàrá rẹ̀ pa ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni ẹ̀rí rẹ?"

"Ọwọ́ mi."

Mo gbọ́ tí bàtà rẹ̀ dẹ́kun ìró. Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí irùngbọ̀n inú òṣùwọ̀n dé orí afárá. Mo sọ fún un nípa obìnrin tó fi àdá lé itan, nípa ẹni tí kì í parọ́ àti ohun tó sọ, nípa pákó tó já. Mo sọ fún un pé mo dúró síbẹ̀ bí òpó, ọwọ́ mi pọ́n, mo sì lè fi ohunkóhun sílẹ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan sí i.

"Kò tíì wọlé sórí ẹ̀rọ wa níbí," ó wí, ó rọra ń sọ ọ́. "Ẹ̀gbà olùyẹ̀wò kì í wọlé àfi bó bá fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mà."

"Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ìdánwò náà bàjẹ́. Wọ́n á gba báàjì rẹ. Ẹni tí kò ní báàjì kò ní bẹ́ẹ̀dì lórí òkè yìí. Wàá padà sínú ooru ìsàlẹ̀ yẹn, wàá sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ láti ẹ̀yìn ìwé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Nítorí àwọn arúgbó mẹ́rin tó ń jiyàn lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

Mo gba ojú ilẹ̀kùn wò wọ́n. Wọ́n ti fi ìdajì máàpù sílẹ̀. Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ na ìka sí odò, ó ń sọ nǹkan kan fún Ọ̀gbẹ́ni Ìlẹ̀sanmí, ìyẹn sì ń mi orí pé rárá, rárá, ibi tí pákó ti já kọ́ nìyẹn. Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Wọ́n ti gba yàrá lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣì wà lórí afárá.

Mo tẹ ẹ̀gbà náà mọ́ ojú fóònù títí tó fi dún.

Mo ń gbọ́ bí Ìyáàfin Adéjùmọ̀bí ṣe ń tẹ nǹkan.

"Ó ti wọlé," ó wí. "Ìdánwò bàjẹ́. Yàrá Kejìdínlógún á wà ní ṣíṣí títí a ó fi rí olùyẹ̀wò mìíràn. Oṣù mẹ́jọ. Ó lè tó ọdún kan. Kó báàjì rẹ wá lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí o sì wá fẹnu ara rẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbà yẹn fún àwọn tó ṣe é. Mi ò lè sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́."

"Ẹ ṣeun, mà."

Mo rò pé ó ti lọ. Kò lọ.

"Obìnrin yẹn," ó wí. "Tó dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú àdá. Kí ló ṣe?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Tíṣà yẹn ò sọ fún ọ?"

"Òun náà ò mọ̀ ọ́n. Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ ló máa sọ ọ́, òun gan-an ò sì tíì mọ̀."

"Ẹni tó gé okùn?"

"Òun ni, mà."

"Àti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀."

Ìyáàfin Adéjùmọ̀bí pòṣé. Ó gùn, ó sì wá láti inú.

"Ìkà ni gbogbo yín," ó wí, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí.